Ọmọ Tí Àsíátù Kò Lè Pe Lórúkọ

Bí ọmọdé kan bá sọ pé inú ń run òun nítòsí ṣọ́ọ̀bù Àsíátù aránṣọ, ẹsẹ̀ Àsíátù á kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ aṣọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́la ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á pe ọmọ náà, á fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, á ní kó fò sókè. Bí ọmọ bá fò tó ń rẹ́rìn-ín, á fún un ní súìtì, á padà sídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn pé ọ̀gá àwọn ni dókítà alálùmọ́gàjí.

Wọn ò mọ ohun tó fojú rí. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí agbo ilé kan náà ní Ìlá ni wọ́n gbé àwa méjèèjì ní ìyàwó wá sí. Èmi ti ilé onígbàgbọ́ wá, òun ti ilé ìmàle wá. Èmi ṣáájú, òun tẹ̀ lé mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ti tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà láìfi iyọ̀ kún un, èyí tí kì í ṣe ìwà àwa obìnrin ilé wa.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gba ìjọba ni. A ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, mílíìkì àti ọṣẹ sì ti di ohun tí à ń tò fún bí ẹni tó fẹ́ gba àdúrà. Àsíátù kò tíì pé ọdún méjì nílé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ, nítorí díẹ̀ ló kù kí orúkọ pa ọmọ yẹn.

Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀, tí wọ́n sì gbé ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ ni. Ìwọ ni wàá wá orúkọ tó dùn fún un, èyí ni wàá máa pè é títí ayé. Nígbà tí Àsíátù wọlé, ó bá Mùstàfá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ bíi ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, títí kan ẹgba, eyín rẹ̀ sì funfun. Àsíátù sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. “Ẹ” ló sì ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀: “Eyínfúnjowó, ẹ wá wẹ̀.” “Eyínfúnjowó, ẹ tún ti tọ̀ sí ẹní.”

Ní tèmi, mo dé ilé náà kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ oorun sísùn. Mùstàfá ni mò ń pè é, bó bá sì ṣẹ̀ mí, mo ní àwọn orúkọ mìíràn tí n kò ní kọ síbí.

Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣàkírù, nítorí òfin orúkọ kò de pípe bàbá mọ́ ọmọ, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ọ̀rà. Jímọ́ọ̀ sí Jímọ́ọ̀ ló ń wálé. Bó bá sì wálé náà, kì í ṣe irú ọkùnrin tó ń fetí sí ohun tí àwọn obìnrin ń pe ara wọn nídìí ààrò.

Ibà ló kọ́kọ́ mú ọmọ náà. A fún un ní àgbo, a fún un ní oògùn kẹ́míìsì, ó lọ, ó tún padà wá. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ tuntun ni, wọn ò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọkọ Àsíátù, ọmọ tí wọ́n fi ń pe bàbá náà, ti wa lọ́rì lọ sí òkè Ọya. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Mùstàfá dédé pariwo. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ká jọ bí ẹ̀kọ inú ewé, ó ń bì, ikùn rẹ̀ sì le bíi pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹran. Mo fọwọ́ kàn án, ó wò mí bí ẹni tí mo fi iná jó. Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Ọsibítù kékeré tó wà nílùú ní kí a máa gbé e lọ síwájú. Ọsibítù kan wà nígbà náà, ti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, lórí òkè kan tí èèyàn máa rí bó bá ti kọjá Ìgbájọ. Ibẹ̀ ni takisí máa gbé e lọ. Ta ló máa tẹ̀ lé e? Ìyá rẹ̀ kò lè dìde. Wọ́n ní kí èmi dúró ti ìyá ìkókó, kí n sì wá ẹni tó máa gun alùpùpù lọ pe bàbá lóko. Àsíátù ló gbé ọmọ náà lé itan nínú takisí, láìwọ bàtà.

Ní ọsibítù náà, nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Sístà Bernice. Ọmọ ìhà Bẹ́ńdẹ̀lì ni. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ọjà ló ti kọ́ ọ, kì í ṣe agbo ilé.

Ó ní, “Kí lorúkọ ọmọ?”

Àsíátù tún ọmọ náà gbé mọ́ra.

“Madaamu, orúkọ ọmọ! Ṣé o ò rí i pé kò lágbára?”

Àsíátù sọ fún mi pé orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n òun, pé òun tiẹ̀ la ẹnu. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ń lọ, ó ń lọ lójú òun báyìí. Bí òun bá wá dárúkọ ọkọ lọ́jọ́ tó burú tó báyìí, tí ohun tó le bá ṣẹlẹ̀, ta ni kò ní sọ pé ẹnu ìyàwó ló pa á? Òun gan-an kò ní í sọ nǹkan mìíràn fún ara rẹ̀.

Ó ní, “Eyínfúnjowó.”

“Orúkọ bàbá?”

Èyí tún le jù. Orúkọ bàbá ọkọ! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó dárúkọ bàbá tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pè é ní ilé ìwé: “Oyèlẹ́yẹ.”

“Ṣé ìwọ ni ìyá rẹ̀?”

“Rárá, mà. Ọkọ mi ni.”

Sístà Bernice wo ọmọdé tó ń bì sára aṣọ rẹ̀, ó wo Àsíátù. Ó ní, “Mi ò ráyè eré,” ó sì gbé ọmọ wọlé.

Dókítà ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Íńdíà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Ó tẹ ikùn, ó gbọ́ ikùn, ó mi orí. Ibà náà ti jẹ ìfun ọmọ, ìfun ti lu, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti ń tú sínú ikùn. Wọ́n ní láti la inú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú fìríìjì wọn, ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀ lára ọmọ. Àsíátù na ọwọ́. Wọ́n yẹ tirẹ̀ wò, kò bá ti ọmọ mu. Ó na ọwọ́ kejì, ó ní bóyá tibẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń bínú sí mi tí mo bá rẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí.

Dókítà ní, “Bàbá. Bàbá kíákíá.”

Onítakisí ló gbé ọ̀rọ̀ náà padà wá sí Ìlá: kí bàbá wá, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ilẹ̀ ti ṣú kí Bàbá Ṣàkírù tó ti oko dé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí èmi àti òun fi wọ ọkọ̀. Ìyá ọmọ ló bẹ̀ mí kí n lọ. Ó ní, “Ìyá Dinah, ìwọ gbọ́ òyìnbó. Bí wọ́n bá fi òyìnbó sọ fún un pé ọmọ ti kú, kó má lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Lọ́nà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ Bàbá Ṣàkírù, àmọ́ kò fà á. Ó kàn dì í mú. Òkè yí wa ká, ìkùukùu bò wọ́n lórí. Èmi ń ka Sáàmù nínú ọkàn mi, mo ń gbàgbé ibi tí mo dé, mo ń tún un bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run kì í ṣe tíṣà.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn ni. Bàbá Ṣàkírù ní, “A wá wo Mùstàfá. Ọmọ Ìlá. Àná ni wọ́n gbé e dé.”

Ọkùnrin náà wọlé, ó pẹ́, ó jáde. “Kò sí Mùstàfá kankan níbí.”

“Ẹ tún un wò. Inú ló ń ṣe é. Ìyàwó kékeré kan ló gbé e wá.”

“Bàbá, aláìsàn ni mo mọ̀, mi ò mọ ìyàwó. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn ní wọ́ọ̀dù. Kò sí Mùstàfá.” Ojú rẹ̀ wá yí padà, ó yọ fìlà. Mo kórìíra bó ṣe yọ fìlà yẹn. “Àmọ́ ọmọkùnrin kan wà. Inú ló ṣe òun náà. Ó kú láàárọ̀ yìí. A ò tíì rí àwọn èèyàn rẹ̀.”

Wọ́n fi ilé kékeré kan hàn wá lẹ́yìn, lábẹ́ òkúta ńlá, níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ọkàn èèyàn bá ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rìn fúnra rẹ̀, nítorí n kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Bàbá Ṣàkírù ní kí n dúró síta. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn ilé náà, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sí etí aṣọ, tó dúró, tó tún lọ. Mo di ojú.

Nígbà tó jáde, ó ní, “Kì í ṣe òun.” Ó jókòó lórí koríko. “Ó dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí rẹ̀ ni.” Ó tún ní, “Mo fẹ́ dúpẹ́, Ìyá Dinah, ẹnu mi kò gbà á. Ọmọ ẹnì kan ni.”

A padà síwájú. Mo fi í sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà, níbi tí àwọn tó wá wo aláìsàn ń dúró sí, mo ní kí n lọ wo ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin ń dáná, bóyá màá rí Àsíátù. Inú mi ń sọ ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé onítakisí náà ṣìnà, ó gbé wọn lọ síbòmíràn. Èkejì n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Obìnrin kan ń ro ọ̀gì lórí iná. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó kékeré kan tí kò wọ bàtà? Ó wà nínú wọ́ọ̀dù. Kò tíì jáde wá dáná láti àná. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó ní Ìlá lòun ti wá.”

Mo sáré. Mo padà dé abẹ́ máńgòrò. Kí n tó la ẹnu sọ fún Bàbá Ṣàkírù, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti rí nǹkan tó lè bínú sí, ìyẹn sì dára fún un.

“Ìyá Dinah, ayé yìí ti bàjẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì kan ti jáde wá síbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pariwo pé kí àwọn ará ọmọ kan bọ́ síwájú, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n fẹ́ là á nínú, kò sì sí àyè mọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn! Èmi ń wá tèmi kiri, n kò rí i. Àwọn kan gbé tiwọn jù sílẹ̀, wọ́n lọ. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n dìde, kí n fún un ní tèmi nítorí Ọlọ́run.”

Mo ní, “Kí lorúkọ ọmọ náà?”

“Orúkọ kan báyìí tí n kò gbọ́ rí. Eyínfúnjowó. Ọmọ Oyèlẹ́yẹ kan tí kò ní láárí.”

Mo ní, “Bàbá Ṣàkírù, ẹ dìde.”

“Kí ló dé?”

“Ọmọ yín nìyẹn.”

“Èmi ni Oyèlẹ́yẹ?”

“Mo ní ẹ dìde! Ìyàwó yín ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ nílé yín rí ni?”

Ọkùnrin náà, tí n kò rí kó sáré láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, sáré lọ bá ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò padà mú un. Sístà Bernice ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níta lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀yin ni bàbá Eyínfúnjowó?”

Bàbá Ṣàkírù wò mí. Ó ní, “Wọ́n ní èmi ni.”

Ọ̀rọ̀ tí Sístà Bernice sọ sí wa lẹ́yìn náà, èdè Bẹ́ńdẹ̀lì ló fi sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ṣàkírù bá ti ọmọ mu. Wọ́n fà á lára rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí hẹlẹ. A rí Mùstàfá nígbà tí wọ́n ń tì í kọjá lórí ibùsùn onítáyà. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó, ọwọ́ rẹ̀ sì di ìró Àsíátù mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má lọ.” Wọ́n tì í wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Ìgbà yẹn ni Àsíátù tó rí bàbá ọkọ rẹ̀ lójú. Ó kúnlẹ̀. A sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un: géètì, Mùstàfá tí kò sí, ilé kékeré abẹ́ òkúta.

Bàbá Ṣàkírù ní, “O ò wá lè dárúkọ ọmọ. Lójú ikú báyìí.”

“Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí.”

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó wo ilẹ̀kùn tó pa dé náà, ó wo owú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó ní, “Dìde. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa.”

Àsíátù dìde. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ ògiri, ó fi ojú sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ díẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun ń rò ni bí òun yóò ṣe wọ ilé náà padà. Bí ọmọ bá kú, kì í ṣe ẹnu tó pe orúkọ ló pa á. Ẹnu tí kò pè é ni. Níbo lèèyàn máa gbé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sí? Ó ní òun ti pinnu pé òun ò ní bá ọkọ̀ náà padà sí Ìlá. Òun á gba ọ̀nà Ire lọ, ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyá òun wà, òun á máa bá a ṣa kajú lóko títí wọ́n á fi gbàgbé òun.

Oòrùn ti yí kúrò lórí igi máńgòrò kí dókítà tó jáde. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn wá bí ẹni ń ran nǹkan. “Ìfun, a ti rán. Ikùn, a ti fọ̀. Kò omi. Kò oúnjẹ. Títí ó só.”

A wo ara wa.

Sístà Bernice ló túmọ̀ rẹ̀. Ìfun tí wọ́n bá rán máa ń sùn. Bó bá jí, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọ á só. Kí ó tó só, ìkán omi kan kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí kò bá só, á jẹ́ pé ìránṣọ náà tú nínú, tàbí pé ìfun ti kú.

Mi ò rí ohun tó burú tó òǹgbẹ ọmọdé. Ó ń bẹ̀ wá. Ó ń fi gbogbo ohun tó ní nílé tọrẹ: ayò rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀, adìyẹ rẹ̀ kan tó ń yé. Ó ní kí a fi omi sórí ahọ́n òun, pé òun ò ní gbé e mì. Àsíátù ń fi owú tútù pa á létè, ó ń yí ojú kúrò. “Eyínfúnjowó, ẹ ní sùúrù. Ẹ só, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ só díẹ̀, màá fún yín ní omi.” Ó ń fi etí sí ikùn rẹ̀. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi etí sí ògiri ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Bàbá Ṣàkírù kò lọ sílé. Ó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lórí ẹní tí mo yá lọ́wọ́ obìnrin ológì. Lójoojúmọ́ ni dókítà ń wọlé láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà: “Ó só?” A ó mi orí. Ibà tún padà mú ọmọ. Ikùn rẹ̀ tún ń wú. Nígbà tó yá, dókítà kò béèrè mọ́, ó kàn ń wo ojú Àsíátù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Sístà Bernice sọ̀rọ̀ òyìnbó ní ẹsẹ̀ ibùsùn, èmi ni mo sì gbọ́ ọ: bí kò bá sí ìyípadà títí di ọ̀la, wọ́n á tún un là, àmọ́ òun kò rò pé ara ọmọ náà lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àsíátù àti Bàbá Ṣàkírù ní, “Kí ló wí?” Mo ní ó ní ká máa gbàdúrà. Irọ́ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ kò pọ̀.

Àwọn tó jẹ́ ìmàle mọ̀ pé ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́ ni ohun tí à ń wá yìí. Bàbá Ṣàkírù á wá lọ ṣe àlùwàlá, á fọ ẹnu, á fọ ẹsẹ̀, á dúró níwájú Ọlọ́run, á sì máa fi àlùwàlá rẹ̀ tọrọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Èmi náà, ọmọ ẹgbẹ́ Dọ́káàsì, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń tọrọ ohun kan náà ní orúkọ Jésù. Mi ò mọ ohun tí àwọn áńgẹ́lì ń bá ara wọn sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́, nígbà ìrun Alásàrì, ọmọ náà ti dákẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ojú rẹ̀ là, kò wo ẹnì kankan. Àsíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sì ṣe ohun tí n kò rò pé mo lè gbọ́ láéláé. Ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Mùstàfá.” Ó tún ní, “Mùstàfá, má lọ.”

Ọmọ náà yí ojú sí i. Ẹnu yà á. Ó ní, “Àǹtí, ẹ dárúkọ mi. Màá fẹjọ́ yín sun Màmá.”

Bóyá ẹ̀rín tó fẹ́ rín ló mi ikùn rẹ̀, n kò mọ̀. Àmọ́ a gbọ́ ọ. Kò lágbára, ó rí bí ìgbà tí èèyàn ya àkísà, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ.

Àsíátù fò dìde. Ó pariwo tó fi jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ géètì sáré wọlé: “Ó só! Eyínfúnjowó ti só o! Ẹ gbà mí, ó ti só!”

Bàbá Ṣàkírù wà ní ìforíkanlẹ̀. N kò mọ òfin ìrun, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kó gbọ́. Kò dìde, kò sì gbé orí sókè fún ìgbà pípẹ́. Èjìká rẹ̀ nìkan ni a rí tó ń mì.

Wọ́n fún ọmọ ní omi, ìbú ṣíbí kan. Ó gbé e mì, ó béèrè adìyẹ rẹ̀ padà.

Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, Sístà Bernice sọ fún Àsíátù pé ọmọ tí ìfun rẹ̀ bá lu kì í lè fò sókè. Ojú ọgbẹ́ náà pẹ́ kó tó san. Ó la ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń ṣe ọyún, àwa obìnrin ilé ń pín fífọ aṣọ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Ìlá, gbogbo ilé jókòó ìpàdé. Bàbá Ṣàkírù sọ níṣojú gbogbo wa pé láti ọjọ́ náà lọ, Àsíátù lè máa pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Àsíátù kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí òun jẹ̀bi. Òun pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ìyá ọmọ, tí ọmọ tuntun wà lọ́mú rẹ̀, ló gbà á sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ikú náà dé géètì, ó béèrè Mùstàfá, wọ́n ní kò síbẹ̀?” Pásítọ̀ wa kò ní gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà kò gbà á. Àmọ́ mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà.

Mùstàfá ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, Ìlọrin ló ń gbé, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síwájú bí ti àwọn tí ayé dẹ̀ fún. Nígbà Iléyá tó kọjá, ó mú àwọn àna rẹ̀ wá kí ilé. Ó jẹ iyán ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi aránṣọ han àwọn àna, ó fi ọwọ́ pa ikùn, ó ní, “Inú mi!”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Àsíátù ti jáde, téèpù ní ọrùn, abẹ́rẹ́ láàárín eyín. Ó yọ abẹ́rẹ́. Níwájú àna ọkùnrin, níwájú àna obìnrin, ó ní, “Eyínfúnjowó, ṣé ẹ ti só lónìí?”

Àwọn àna wo ilẹ̀. Mùstàfá kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ká agbádá sí èjìká, ọkùnrin ńlá, ó fò sókè, ó tún fò. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Àsíátù padà sórí ẹ̀rọ.